Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Ìkẹyìn Ìsinmi Wọn ní Abẹ́òkúta, Kí Wọ́n sì Délé Láìsí Wàhálà

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ṣùgbọ́n Èkó ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Láti ọdún mélòó kan ni a ti sọ ọ́ di àṣà pé, nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi tí wọ́n sì lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, àwa náà a wá fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sinmi ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí adágún ìwẹ̀ wà, tí igi máńgòrò ṣíji bo àgbàlá, tí ẹnikẹ́ni kì yóò sì béèrè ohun tí a fẹ́ sè lálẹ́. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé ọjọ́ tí a dé kì í mú wàhálà wá. Ọjọ́ tí a ń padà lọ ni gbogbo rẹ̀ máa ń dàrú. Lọ́dún àkọ́kọ́, aago mẹ́sàn-án ni a jí, a sì pinnu pé a ó gun Olúmọ, a ó ra àdìrẹ, a ó kí ẹbí, a ó jẹun, a ó sì bá ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà la rí. Inú bọ́ọ̀sì kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé tì ni a bá padà sí Èkó, a wọlé lẹ́yìn aago mọ́kànlá òru, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti Ṣàgámù títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni bí a ti ń ṣe é láti ìgbà náà wá.

Ẹ ka aago láti ẹ̀yìn wá

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú ni wákàtí tí ọkọ̀ yín yóò gbéra. Ojú irin tuntun tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, èyí tó gùn tó kìlómítà 157, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2021, gba Abẹ́òkúta kọjá. Ibùdókọ̀ tí ẹ ó ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ wà ní Láderin, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí ìlú náà, ni wọ́n sì fi pè é. Ọkọ̀ tó ń ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó kò pọ̀ lójúmọ́, nítorí náà bí èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ bá lọ tán, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni ẹ ó tún rí òmíràn. Wọ́n sì máa ń yí àkókò rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe gbára lé àtẹ àkókò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojú òpó iléeṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè ní ibùdókọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà.

Ká ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yóò gbéra. Ẹ ní láti wà ní Láderin ní aago mẹ́rin, nítorí wọ́n máa ń yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó jẹ́ kí èrò wọlé. Láderin wà ní ìkangun ìlú, lápá Òkè-Mòsán, nítorí náà aago mẹ́ta ni kí ẹ ti wà nínú takisí. Kí aago mẹ́ta tó lù, ẹ ó ti jẹun. Kí ẹ tó jẹun, ẹ ó ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, nítorí aago méjìlá ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ ń gba yàrá wọn. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ó ti wẹ̀, ẹ ó sì ti kó ẹrù yín pọ̀. Bí ẹ bá kọ gbogbo èyí sórí ìwé, ẹ ó rí i pé ohun tí a ń pè ní ọjọ́ ìkẹyìn kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀. Wákàtí mẹ́ta kò gba ohun mẹ́rin. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, èrò tèmi sì ni pé kí ó jẹ́ ọjà àdìrẹ, fún ìdí tí ẹ ó rí níwájú.

Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ara yín pẹ̀lú. Ní tiwa, ọkọ mi ló ń tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń ṣọ́ aago. Èmi ni owó àti ẹrù wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í sínú báàgì tí ẹnì kejì ń dì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìjà tọkọtaya tí mo ti rí ní ibùdókọ̀, "Mo rò pé ọwọ́ rẹ ló wà" ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀sán àti alẹ́ tó ṣáájú

Bí ẹ bá ní ẹbí ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkíni wọn sí ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Kò sí ẹni tó lè kí àgbà Ẹ̀gbá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti kúnlẹ̀, tí ẹ dọ̀bálẹ̀, wọn yóò ní kí ẹ jókòó. Wọn yóò rán ọmọ kan lọ ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Wọn yóò béèrè àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ìyá yín, àti àna yín, àti ọ̀rẹ́ yín kan tó bá yín wá ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ẹ ti jẹun, wọn yóò ní láfún ti wà lórí iná. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá gbàdúrà, kò sì sí ẹni tó ń wo aago nígbà tí àgbà bá ń gbàdúrà fún un. Nítorí náà, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ lọ, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ mú búrẹ́dì tàbí èso dání, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ sì sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ kú ilé o, Mọ̀mọ́. Ọ̀la là ń padà sí Èkó, a ní ká wá kí yín." Nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ̀la ni ìrìn àjò, wọn yóò dá yín sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò sì fi àdúrà ọ̀nà kún un.

Ẹlòmíràn lè ní kí ni kò jẹ́ kí a dákẹ́, kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a wà nílùú. Mo ti dán an wò. Ẹnì kan rí wa ní Pánṣẹ́kẹ̀ níbi tí a ti ń ra àgbàdo sísun, nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ìròyìn ti dé ilé pé ọmọ wọn wà nílùú, inú òtẹ́ẹ̀lì ló sì ń sùn bí àlejò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ ìyá àgbà mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ di ẹrù yín. Ẹ yọ aṣọ tí ẹ ó wọ̀ lọ́la sọ́tọ̀, ẹ kó aṣọ ìdọ̀tí sínú àpò kan, kí ẹ sì fi báàgì kan sílẹ̀ lófìfo pátápátá, nítorí ẹ̀bùn àti àdìrẹ kì í ráyè nínú àpò tó ti kún. Aṣọ ìwẹ̀ ni kí ẹ fọ̀ kí ẹ sì sá ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú ẹrù ní tútù, gbogbo aṣọ yókù ni yóò rùn kí ẹ tó délé. Kọ́kọ́rọ́ ilé tiyín ńkọ́? Ẹ wá a jáde nísinsìnyí, kí ẹ fi í sí ibi tí ẹ ó ti tètè rí i, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹ ti lò ó kẹ́yìn.

Kí ẹ tó sùn, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń gba àlejò, kí ẹ ní kí ó kọ gbogbo owó tí ẹ jẹ síwájú yín, ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Lálẹ́, àyè wà láti béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ ìgò omi márùn-ún nígbà tó jẹ́ méjì ni ẹ mu. Láàárọ̀, èrò tó tò sẹ́yìn yín kò ní jẹ́ kí ẹ lè rò ó dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń san owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ san án lálẹ́, ẹ gba rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ owó ìdógò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ máa ń gba owó kan sọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá dé, pé àwọn yóò dá a padà bí ẹ kò bá ba nǹkan jẹ́. Ibì kan wà tí wọ́n sọ fún wa pé kí a máa lọ, pé owó náà yóò wọ àkáǹtì wa kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pè wọ́n kí ó tó wọlé. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mò ń ṣe ni pé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa ń ní kí wọ́n yọ oúnjẹ alẹ́ àti gbogbo gbèsè tó kù nínú owó ìdógò náà, kí wọ́n sì fún mi ní ìyókù lówó. Bí wọ́n bá kọ̀, ó kéré tán, mo ti mọ̀ kí n tó sùn.

Òwúrọ̀, àti ọ̀rọ̀ Olúmọ

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Olúmọ ló gba àwọn Ẹ̀gbá mọ́ra nígbà tí ogun lé wọn dé ibí ní ọdún 1830, tí Sódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Lábẹ́ àpáta náà ni wọ́n sá sí, òun ni ìlú sì ti gba orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wá sí Abẹ́òkúta kí ó padà láì gùn ún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ìsinmi yín ni kí ẹ gùn ún, kì í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń mú orúnkún ro, oòrùn ń gbóná lórí òkúta, ẹ ó sì fẹ́ sinmi lẹ́yìn rẹ̀, ìsinmi yẹn gan-an ni kò sí láyè lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ gbàgbé rẹ̀. Àpáta tútù kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Ẹni tí kò bá tíì fojú kàn án títí di ọjọ́ ìkẹyìn lè wò ó láti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sí Ìtòkú, tàbí kí ó yà ní Aké wo ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó dàgbà jù ní Nàìjíríà, kí ó tó lọ.

Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ti kà mọ́ owó yàrá yín. Kò sí ìdí láti fi í sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Ìtòkú lọ.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ

Ìdí tí mo fi mú ọjà yìí fún wákàtí mẹ́ta tó ṣẹ́kù ni pé aṣọ ni ohun tí ẹ ó gbé délé tí yóò wà pẹ́. Bí ẹ bá sì rà á ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó máa gbé e kiri nínú yàrá, òórùn aró yóò gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Kò jìnnà sí ẹsẹ̀ Olúmọ. Ẹ tètè dé, nígbà tí àwọn oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n fẹ́ fi ṣí ọjà, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹni tó ṣí ọjà fún wọn lọ láì rà, nítorí náà owó tí ẹ ó san yóò rọ̀ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tún dára fún wíwo àwọ̀. Aṣọ tí ẹ bá yàn lábẹ́ iná mànàmáná inú ṣọ́ọ̀bù lè yí àwọ̀ padà mọ́ yín lójú nígbà tí ẹ bá dé ìta.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Àdìrẹ àtijọ́ pín sí oríṣi mẹ́ta pàtàkì. Èyí tí wọ́n fi ìko so ni oníko. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ni alábẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí páànù tí wọ́n gé ihò sí ya ẹ̀kọ láfún sí lára ni ẹlẹ́kọ. Ibi tí okùn bá ti so ó, tàbí tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì di àwòrán nígbà tí wọ́n bá tú u tàbí tí wọ́n fọ̀ ọ́. Ewé èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró náà láyé àtijọ́, wọ́n á rì í sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣú bí òru. Ẹ ṣì lè rí èyí rà, àmọ́ ẹ ó béèrè fún un ni, owó rẹ̀ sì ga. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà nísinsìnyí ni kàǹpálà, èyí tí wọ́n fi ìda àbẹ́là tẹ àwòrán sí, tí wọ́n sì fi aró òyìnbó oríṣiríṣi àwọ̀ rẹ. N kò kẹ́gàn kàǹpálà. Òun ló wà lára mi bí mo ti ń kọ èyí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má san owó ẹlẹ́kọ lórí kàǹpálà.

Ẹ̀kẹta tí ẹ ó pàdé kì í ṣe àdìrẹ rárá: aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n jí àwòrán wa lò. Ẹ yí i padà. Aró máa ń wọ aṣọ tí a rẹ já sí ẹ̀yìn, àmọ́ àwọ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ṣá lẹ́yìn. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú: bí òdòdó kan bá jọ èkejì láì yàtọ̀ ní ìwọ̀n irun kan láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ ní kí wọ́n tú u kalẹ̀ pátápátá. Ẹ bá wọn wọ̀n ọ́n, ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu pé yáàdì márùn-ún ni. Ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó lu, kí ẹ sì rọra fà á, nítorí sódà tó bá pọ̀ jù nínú aró máa ń jẹ òwú aṣọ, aṣọ náà yóò sì ya ní èjìká kí ẹ tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ pe télọ̀ yín láti ibẹ̀, kí ó sọ iye yáàdì tí ìró àti bùbá ìyàwó àti bùbá àti ṣòkòtò ọkọ yóò gbà. Bí ẹ bá fẹ́ wọ irú kan náà, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í mọ̀ títí wọ́n fi délé: aṣọ méjì tó ní àwòrán kan náà lè má bára mu ní àwọ̀, nítorí kò sí ìkòkò aró méjì tó dọ́gba. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n jọ rẹ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì gbé méjèèjì sára wọn nínú oòrùn kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ìdúnàádúrà, ẹnì kan ni kó sọ̀rọ̀. Ọkọ mi jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń sọ fún oníṣòwò pé aṣọ ti wù ú kí n tó ya ẹnu, nítorí náà mo máa ń rán an lọ wá omi tútù nígbà tí mo bá fẹ́ ná ọjà. Nígbà tí ẹ bá rà á tán, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé e sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé ìwẹ̀ ilé ìgbafẹ́ láti ṣàn án. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì fi táwẹ́ẹ̀lì funfun wọn nu ọwọ́. Owó táwẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dun ọkọ mi gan-an.

Kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà

Aago mọ́kànlá, ẹ ti padà sí yàrá. Ẹ wẹ̀ kí òógùn ọjà kúrò lára, ẹ wọ aṣọ ìrìn àjò. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, kí ẹnì kejì rìn yí yàrá ká lẹ́ẹ̀kan láti apá ọ̀tún: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí a ń fi aṣọ kọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ ìrọ̀rí, abẹ́ ibùsùn, ilé ìwẹ̀, àti gbogbo ihò iná lára ògiri. Ṣájà fóònù ni ohun tí àlejò ń gbàgbé jù, nítorí ibi tó fara pamọ́ sí lẹ́yìn ibùsùn ni a máa ń kì í bọ̀. Ẹ má jùmọ̀ wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Níṣe ni kálukú yóò rò pé ẹnì kejì ti wo ibi tí òun kò wò.

Bí àyè bá ṣẹ́kù kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí wọ́n bá yín tọ́jú ẹrù sí iwájú, kí ẹ sì jókòó lábẹ́ igi.

Oúnjẹ ọ̀sán àti ẹrù inú àpò

Ẹ jẹ láfún àti ewédú kí ẹ tó lọ. Èyí tí wọ́n ń rò ní Èkó kì í funfun, kì í sì í fẹ́lẹ́ bí ti ilé. Àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ ní ìwọ̀nba, pàápàá bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni ẹ ó wọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń yí lójú lè jẹ atalẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ìrẹsì Ọ̀fàdà délé, ọjà Kútọ̀ ni mo ti ń rà á, ní kóńgò. Ẹ tú u sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó: ẹ ó rí àwọn hóró pupa láàárín èyí tó mọ́, yóò sì máa rùn díẹ̀ bí ohun tí a rẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá funfun dọ́gba tí kò sì rùn rárá, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi di í, kí àdìrẹ má baà mú òórùn rẹ̀.

Láderin, tàbí ojú títì

Nígbà tí ẹ bá wọ takisí, ẹ pe orúkọ Láderin ketekete, kí ẹ sì fi kún un pé ibùdókọ̀ tuntun ni. Ojú irin àtijọ́ ṣì wà ní Láfẹ́ńwá, awakọ̀ tó bá gbọ́ "rélùwéè" nìkan lè dorí kọ ibẹ̀, ìkangun ìlú kejì pátápátá sì ni. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ìrìn àjò náà dé Alágomeji ní Èkó kò tó wákàtí méjì, kò sì sí gọ́síló kankan lórí irin. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nígbà tí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú; igbó àti oko láàárín Abẹ́òkúta àti Papalántó tutù lójú púpọ̀ ní àsìkò òjò.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ojú títì ní ọ̀nà méjì. Èkíní gba Ṣíun lọ sí Ṣàgámù kí ó tó bọ́ sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Èkejì gba Ewékorò, Ìfọ̀ àti Sángo Ọ̀tà. Ti Sángo kúrú lójú, àmọ́ ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì pọ̀ lójú ọ̀nà náà, Sángo fúnra rẹ̀ sì lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ yín. Èmi á gba Ṣàgámù, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ sí Ibùdó Ìràpadà ìjọ Ridíìmù lójú ọ̀nà náà fún ìsọjí òru, tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ẹni tó lọ ṣe ìnáwó ń padà sí Èkó. Ọkọ̀ èrò Èkó wà ní Kútọ̀. Bí mọ́tò tiyín ni, ẹ ti ra epo, ẹ sì ti wo táyà láti alẹ́ àná. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ kúrò ní Abẹ́òkúta kí aago mẹ́rin tó lù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú kí ẹ tó ṣe tán, ẹ san owó yàrá ọjọ́ kan sí i, kí ẹ sùn.

Nígbà tí ẹ bá délé

Kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ pe àwọn àgbà tí ẹ kí lánàá, kí ẹ ní, "A ti délé o, Mọ̀mọ́, àdúrà yín gbà." Wọn kì í sùn títí ìpè yẹn yóò fi wọlé, bí ẹ bá sì gbàgbé, àwọn ni yóò pè yín ní aago márùn-ún ìdájí.

Ẹ yọ aṣọ tútù jáde, ẹ tẹ́ ìrẹsì sórí àtẹ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Àdìrẹ lè dúró di ọjọ́ kejì. Òun nìkan ni kí ẹ rẹ sínú omi tútù, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, ẹ má sì fi aṣọ mìíràn sí i. Omi àkọ́kọ́ yóò di aró, ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn; nígbà tí omi bá mọ́, ẹ yí inú aṣọ síta kí ẹ sá a síbi tí oòrùn kò dé. Bí kàǹpálà yín bá ṣì le gbagidi tó sì ń rùn bí àbẹ́là, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé e lásán. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀ àti sórí rẹ̀, kí ẹ wá lọ̀ ọ́. Ìwé náà ni yóò fa ìda mu, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí tí èyí tí ẹ gbé lé e kẹ́yìn kò fi ní ní àbàwọ́n ọ̀rá kankan mọ́.